Iná Kékeré Inú Ọkọ̀ Bàbá Onímú

Ẹ sún àga yín mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá gbé omi kaná, kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó lọ bọ́jú kó padà wá. Ìtàn kan wà lẹ́nu mi lónìí tí mi ò fẹ́ kó sá mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tí iná kékeré kan, iná tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́, so mọ́lẹ̀ bí ẹran tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Iná náà kò jó o, kò sì ta á lára. Ó kàn ń tàn ni. Iwájú awakọ̀, nínú ọkọ̀ bàbá ìyàwó rẹ̀, ló ti ń tàn, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Mẹkáníìkì ni ọkùnrin náà. Ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń pè é lórúkọ. "Àna" ni gbogbo wọn ń pè é, nítorí pé ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù ló bí ìyàwó rẹ̀. Àwọn oníbàárà náà ti kọ́ ọ: "Àna, wá bá mi wo bíréèkì mi." "Àna, ọkọ̀ mi tún ti ń wúkọ́ o." Níbẹ̀rẹ̀, orúkọ yẹn máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó wá ń dún létí rẹ̀ bí ìgbà tí ẹnìkan ń ti ilẹ̀kùn látìta.

Bàbá Onímú ni wọ́n ń pe ọ̀gá yẹn, imú rẹ̀ ló sì sọ ọ́ di olókìkí. Ẹ gbé ọkọ̀ dé, á ní kí ẹ má pa ẹ́ńjìnnì. Á bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ níbi tí èéfín ti ń jáde, á fa imú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á nàró. "Epo ń pọ̀ jù fún un." Tàbí, "Ọ́ìlì ló ń jó." Tàbí, "Omi ti ń wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀." Á sọ ọ́ báyìí, á ti máa rìn lọ, kò ní wẹ̀yìn. Bí ẹ bá tú ẹ́ńjìnnì náà, ohun tó sọ gẹ́lẹ́ lẹ máa bá níbẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ó ti ń fi í kọ́ ọkọ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́. Á ní, "Àna, ìwọ ni kó o gbọ́ ọ wò lónìí. Sọ fún mi." Àna á bẹ̀rẹ̀, á gbọ́ òórùn èéfín náà, á sọ. Bàbá á mi orí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ó ti ń wọ̀ ọ́ lórí." Inú Àna a máa dùn sí i. Ó rò pé oyè ni wọ́n ń fi òun jẹ.

Ìyàwó rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá Onímú bí, nọ́ọ̀sì ni. Iṣẹ́ gbé e lọ sí ìlú tó jìnnà, ó sì mú ọmọbìnrin wọn kékeré dání. Àna fẹ́ bá wọn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Aṣọ rẹ̀ ti wà nínú báàgì. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń dágbére ní pálọ̀, tí Màmá, ìyá ìyàwó rẹ̀, ń nu ojú nù, Bàbá Onímú nawọ́ sí ojú fèrèsé, níbi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà níta.

Ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, iná ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi ń tàn. Ṣé wàá fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ tí ara rẹ̀ ò yá?"

"Rárá o, Bàbá. Màá tún un ṣe kí n tó lọ."

"O ṣèlérí?"

"Mo ṣèlérí, sà."

"Ó dáa. Bí iná yẹn bá kú, tí kò tàn mọ́ títí oṣù tuntun fi lé, máa lọ bá aya rẹ. Èmi fúnra mi ni màá gbé ọ dé ibùdókọ̀."

Gbogbo ilé gbọ́. Ta ló máa kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún bàbá ìyàwó rẹ̀? Ìyàwó rẹ̀ pàápàá ní, "Kí ló wà nínú ìyẹn? Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lásán ni."

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ọ̀hún, ẹ̀yin èèyàn mi! Òjò rọ̀, ó dá, ẹ̀ẹ̀rùn wọlé, eruku bo ewé, Àna ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n la ọ̀rọ̀ iná yìí yé yín, ẹ má jẹ́ kó ṣú yín. Nínú páìpù tí èéfín ọkọ̀ ń gbà jáde, nǹkan kékeré kan wà tí wọ́n de mọ́ ọn, ó rí bíi pọ́ọ̀gì, wáyà sì wà nídìí rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ń pè é ní imú ọkọ̀, nítorí iṣẹ́ imú ló ń ṣe. Á gbọ́ èéfín wò, bóyá atẹ́gùn ló pọ̀ jù níbẹ̀ tàbí epo, á ránṣẹ́ sí ọpọlọ ọkọ̀ pé kó dín epo kù tàbí kó fi kún un. Bí imú yìí bá kú, ọkọ̀ á máa mu epo bí ọ̀mùtí, èéfín dúdú á máa tẹ̀lé e, iná kékeré níwájú awakọ̀ á sì tàn.

Àna yọ imú tó kú, ó fi tuntun sí i. Iná kú. Bàbá Onímú wá fi èdìdì di ọkọ̀ náà bí àṣà ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ọkọ̀ kankan kì í jáde níbẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀gá ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, ó fojú ara rẹ̀ wo inú rẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù pa etí ìdérí náà yíká, ó fi àtàǹpàkò ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó sì dè é padà. Èdìdì ọ̀gá nìyẹn. Àwọn oníbàárà a máa fi í yangàn: "Wò ó, àtàǹpàkò Bàbá Onímú rèé." Ọkọ̀ tara rẹ̀ ló ń rí èdìdì jù, nítorí pé kò lè rí i kó má ṣí i wò.

Kí oṣù tó lé, iná tún tàn. Àna wá imú mìíràn ní ilé ìtajà mìíràn, ó fi sí i. Iná kú, Bàbá dì í, iná tún tàn. Wọ́n ní ayédèrú ni. Ó lọ ra ojúlówó, tó wà nínú páálí tòun ti èdìdì ilé iṣẹ́. Ojúlówó náà kú bí ayédèrú.

Rìwáyà ṣọ́ọ̀bù náà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, tí wọ́n ń pè ní Wáyà, sọ ọ́ di àwàdà. Gbogbo òwúrọ̀ ló máa ń kígbe láti ẹnu géètì: "Àna! Aya rẹ tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ń kọ́? Ṣé ó sùn dáadáa?"

"Wáyà, fi mí sílẹ̀."

"Mo ní kó o kúkú gbé e níyàwó. Ó ń mu, ó ń fa èéfín, kò sì jẹ́ kó o jáde nílé. Kí lo tún ń wá?"

Yàrá tí Àna ń gbé wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù gan-an. Ògiri ṣọ́ọ̀bù ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí. Bó bá jí, táyà tí wọ́n tò jọ ló máa kọ́kọ́ rí. Bó bá fẹ́ jáde sí títì, àárín ṣọ́ọ̀bù ló gbọ́dọ̀ gbà kó tó dé ẹnu géètì tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò Bàbá Onímú. Báàgì rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kò tíì tú u. Ó kàn ń fa aṣọ kan yọ níbẹ̀ bó bá nílò rẹ̀, á sì ká a padà bó bá fọ̀ ọ́, bí ẹni tó wà ní ibùdókọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ìyàwó rẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Dádì, iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ níbí ní àwọn ò lè dúró mọ́. Bó o bá dé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ìwọ ni wọ́n máa gbà. Bó ò bá dé, wọ́n ti rí ẹlòmíì."

"Ọ̀sẹ̀ yìí?"

"Ọ̀sẹ̀ yìí. Ohun kan tún wà, má bínú o. Ọmọ rẹ ti ń pe ọkùnrin tó ń gbé búrẹ́dì wá sí ojúlé ní dádì."

Àna rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Sọ fún un pé dádì rẹ̀ kì í ta búrẹ́dì."

"Kí ni kí n sọ pé ó ń ṣe?"

Ó wo ògiri tó wà níwájú fèrèsé. "Ní kó fún mi láyè di ọ̀la," ló sọ, ó sì wọ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀.

Ó wa ọkọ̀ náà gun orí kòtò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù, èyí tí mẹkáníìkì ń wọ̀ kó lè rí abẹ́ ọkọ̀. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wọnú rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ tòun ti mítà àti tọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ wà lókè orí rẹ̀, sìmẹ́ńtì lọ́tùn-ún, sìmẹ́ńtì lósì. Kò pẹ́ tí Bàbá Onímú gbé àga rẹ̀ dé, ìjókòó ọkọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n de ẹsẹ̀ igi mọ́, ó gbé e sí ẹnu àtẹ̀gùn, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Ọ̀nà àbájáde dí nìyẹn.

"Àna, ibo lo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀, Bàbá. Mo ti ń pààrọ̀ imú yìí láti ọjọ́ yìí wá, mi ò tíì bèèrè ohun tó ń pa á."

Ó kọ́kọ́ wá ihò lójú páìpù, nítorí pé bí atẹ́gùn òde bá ń gba ihò wọlé ṣáájú imú, imú á máa rò pé epo kò tó. Ó ní kí Wáyà fi èkísà dí ẹnu páìpù lẹ́yìn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tó ṣì tutù, ó fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé páìpù, ó tẹ́tí. Kò sí ìfófòó, kò sí súúsúú. Ó fọwọ́ tọ wáyà imú náà láti ìdí dé òpin, ó mì ín, ó fi mítà wò ó. Kò sí ibi tó já. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ó fi mítà sí ìdí imú. Nọ́ńbà orí mítà yẹ kó máa fò sókè sódò bí ọmọdé tó ń fo okùn. Wáyà tẹ epo lókè, ó fi í sílẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà náà ń rọra yí bí arúgbó tó ń yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ó ti ń kú," ni Àna wí.

"Kí ló ń pa á?" ni Bàbá béèrè látòkè.

Àna dúró kí páìpù tutù, ó fi sípánà tú imú náà. Ó gbé e sínú ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Ká ní epo ló pọ̀ jù látìbẹ̀rẹ̀, orí rẹ̀ ì bá dúdú. Ká ní ọ́ìlì ló ń jó, ì bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Funfun ló funfun. Funfun kíki, bí ẹfun tí ẹnìkan rọra fi kùn ún. Ó yọ àwọn tó ti kú tẹ́lẹ̀ nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó wò wọ́n. Bákan náà ni gbogbo wọn.

Omi rádíétọ̀ tó bá ń jó nínú ẹ́ńjìnnì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Wáyà wo omi. Wáyà ní omi kún dé ojú àmì tí Àna fi ṣọ́ọ̀kì fà síbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kò fi bíńtín dín. Kí ló kù? Àna dúró nínú kòtò, imú tó kú lọ́wọ́ rẹ̀, ooru ẹ́ńjìnnì lé e lórí, bàtà bàbá ìyàwó rẹ̀ níwájú rẹ̀ gan-an. Ó mọ̀ pé òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ eérú funfun yìí rí níbìkan, ṣùgbọ́n kò rántí.

"Fi tuntun sí i," ni Bàbá Onímú wí, ó sì dìde. "Jẹ́ n wá dì í."

Ó ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì. Ó mú túùbù gọ́ọ̀mù lápò rẹ̀, ọ̀rá ti pa gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ rẹ́, ó gbé e sún mọ́ ojú bí ẹni ń wá ibi tí yóò ti ṣí i, ó yí ìdérí rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Òórùn kan já bọ́ sínú kòtò. Òórùn kíkan, bí ọtí tí wọ́n gbàgbé síbì kan tó ti kan gógó. Omi yọ lójú Àna.

Wáyà kígbe láti ẹ̀yìn ọkọ̀, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣí ọtí kíkan síbí? Imú mi fẹ́ já bọ́!"

"Ọtí wo?" ni Bàbá Onímú dáhùn. Túùbù náà wà nísàlẹ̀ imú rẹ̀ gan-an. Ojú rẹ̀ kò ṣẹ́. Ó fà á símú bí ẹni ń fa atẹ́gùn òwúrọ̀. "Wáyà, o ti mutí dé ni. Kò sí òórùn kankan níbí."

Àna wá rántí. Ọ̀gá tó kọ́kọ́ kọ́ ọ níṣẹ́, kó tó mọ ìyàwó rẹ̀ rárá, máa ń sọ pé gọ́ọ̀mù tó bá ń kan nímú, gọ́ọ̀mù àwọn tó ń lẹ dígí fèrèsé ni, kí wọ́n má gbé e sún mọ́ ọkọ̀ tó ní imú. Ooru rẹ̀ á wọnú ẹ́ńjìnnì, á jóná, eérú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ orí imú, imú á kú. Ẹni tó bá ní imú lójú kò lè ṣì í rà.

Ẹni tó bá ní imú lójú. Ó rántí èkísà tó ń jó lẹ́sẹ̀ àga Bàbá lọ́jọ́sí, tí Bàbá ń ka ìwé ìròyìn rẹ̀ lọ títí Wáyà fi sáré da omi sí i. Ó rántí tíì tí mílíìkì rẹ̀ ti bàjẹ́, tí gbogbo ilé tu dànù, tí Bàbá mu tirẹ̀ tán. Ó rántí "Àna, ìwọ ni kó o gbọ́ ọ wò lónìí." Oyè tó rò pé wọ́n fi òun jẹ, iṣẹ́ imú ni wọ́n gbà á sí.

Bí ó bá sọ ọ́, ó ti tú bàbá ìyàwó rẹ̀ síhòòhò lójú ọjà. Bí kò bá sọ ọ́, gọ́ọ̀mù á máa pa imú, iná á máa tàn, ọmọ rẹ̀ á máa pe oníbúrẹ́dì ní dádì. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni nínú yín tó fẹ́ wà nípò rẹ̀?

Nígbà tí Bàbá lọ fọwọ́, Wáyà yọ́ wá bá a. "Àna, gbọ́. Jẹ́ n yọ gílóòbù kékeré yẹn níwájú awakọ̀. Iná tí kò sí níbẹ̀ kò lè tàn. Oṣù á lé, wàá lọ. Ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá fi mọ̀, o ti di ará ibòmíì."

Àna jókòó sínú ọkọ̀. Ó tú ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó rí gílóòbù náà, ó fi ìka méjì dì í mú. Ó gbójú sókè. Láti inú gíláàsì iwájú, ó rí Bàbá Onímú lódìkejì ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn ọkọ̀ oníbàárà kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bàbá wẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń wo òun. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa imú. Ó nàró. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó fà á títí èjìká rẹ̀ fi gbọ̀n. Ó fi ọwọ́ gbọn imú rẹ̀ bí ẹni ń gbọn fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti kú, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Àna fi gílóòbù sílẹ̀. Ó de dáṣíbọ́ọ̀dù padà. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó mú túùbù gọ́ọ̀mù ẹ́ńjìnnì kan tí kì í kan nínú ẹrù rẹ̀, ó sì lọ bá Bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, ẹ wá wo nǹkan."

"Sínú kòtò? Orúnkún mi ń kọ́?"

"Màá dì yín mú."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, ọkọ̀ lókè orí àwọn méjèèjì. Àna tẹ gọ́ọ̀mù ti Bàbá sórí èkísà kan, ó tẹ tirẹ̀ sórí òmíràn.

Ó ní, "Bàbá, ọ̀kan nínú méjèèjì yìí ló ń pa imú ọkọ̀ yín. Èmi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹ bá mi gbọ́ ọ wò."

Bàbá Onímú gba èkísà kìíní, ó gbé e símú. Ó gba èkejì. Ó padà sí ti àkọ́kọ́. Ó wá fi ìgboyà rẹ̀ àtijọ́ na ìka: "Èyí ni."

Ti Àna ló nawọ́ sí, èyí tó dáa. Àna ń wo ilẹ̀.

Bàbá ní, "Mo ṣì í?"

"Ẹ ṣì í, Bàbá."

Bàbá gbé èkísà méjèèjì kalẹ̀. "Òtútù ló mú mi," ló wí. "Mo dùbúlẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dìde, imú mi ò gbọ́ òórùn mọ́. Mo rò pé á padà wá." Ó na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ Àna mú. Ọwọ́ tó ti ń tú nọ́ọ̀tù láti ìgbà èwe ni, ó le bí irin. "Ta lo ti sọ fún?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Jókòó tì mí. Ní kí ọmọ mi kọ̀wé kí wọ́n dá a padà síbí. Màá kọ́lé fún yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Bó o bá lọ, ta ló máa máa bá mi gbọ́ ọ? Bàbá Onímú tí kò nímú! Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí màá fi kú. Nísinsìnyí tó o ti mọ̀ ọ́n, ṣé o rí i pé o ò lè lọ mọ́?"

Àna wo ọwọ́ tó dì í mú, ó wo àtẹ̀gùn. Ó ti rò pé bí òun bá lè rí ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yìí, ilẹ̀kùn á ṣí. Ó rí i, ilẹ̀kùn sì tún gbà kọ́kọ́rọ́ mìíràn. Kò lè fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ẹnu rẹ̀ ti ń ṣí láti sọ pé "Ó dáa, Bàbá" nígbà tí ohùn kan já bọ́ látòkè.

"Imú tó wà lójú tèmi yìí ń kọ́? Ṣé ti ọ̀ṣọ́ ni?"

Màmá ni. Ó gbé tíì wá, ó dúró sí ẹnu kòtò tòun ti atẹ́ lọ́wọ́.

Bàbá jágbe, "Ìyá, ìgbà wo lo ti wà níbẹ̀?"

"Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti jókòó sórí àpótí bí olè. Ẹ̀yin ọkọ mi, ta ló ń fọ aṣọ yín láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti gbé mi níyàwó? Bẹ́ ẹ bá ti wọlé, kẹ́ ẹ tó kí mi, mo ti mọ̀ bóyá ọ́ìlì lẹ fi ṣiṣẹ́ tàbí bíréèkì tàbí epo. Ọjọ́ tẹ́ ẹ sọ pé ẹ lọ sí ìpàdé, mo mọ̀ pé ilé ọtí lẹ lọ. Ẹ wá ń di ọmọ ọlọ́mọ mú nínú kòtò nítorí imú! Ṣé ẹ bèèrè fún tèmi, mo ní mi ò yá yín ni? Ẹ mú èkísà yẹn wá."

Àna nà wọ́n sí i. Ó gbé ọ̀kan símú, ó gbé e jìnnà lójijì. "Ẹ gbà mí o! Èyí ń kan. Irú èyí ni wọ́n fi lẹ dígí fèrèsé wa, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mi ò lè sùn. Òun lẹ fi ń di ọkọ̀? Ẹ jù ú nù. Ẹ fi ọmọ sílẹ̀, ẹ gòkè wá, tíì ń tutù."

Bàbá Onímú kò fi ọwọ́ Àna sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ wo ìyàwó rẹ̀ tó wà lókè, fún ìgbà pípẹ́. Ìka rẹ̀ wá ń tú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kò dúpẹ́, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n ha gọ́ọ̀mù tó ti wà lórí ẹ́ńjìnnì kúrò mọ́ tónítóní. Àna de imú tuntun. Bàbá fi gọ́ọ̀mù tó dáa dí ìdérí yíká, Màmá dúró tì í, ó ń fa imú, ó ń mi orí bí ọ̀gá. Bàbá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Àna fi ẹ̀rọ pa àṣìṣe tó wà nínú ọpọlọ ọkọ̀ rẹ́, iná sì kú.

"Oṣù tuntun ṣì jìnnà," ni Bàbá wí. Bàbá yọ kọ́kọ́rọ́ géètì àti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lápò, ó gbé wọn lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò wo ojú rẹ̀. "Ọkọ̀ yìí gan-an ni kó o wà lọ. Bí iná yẹn bá tàn lójú ọ̀nà, yí i padà, ibikíbi tó o bá dé. Mo mọ̀ pé o kì í yẹ ọ̀rọ̀. Bí kò bá tàn, fi pamọ́ dè mí. Èmi àti ìyá yín á wá gbà á bí oṣù bá lé."

Wáyà ló ṣí géètì. Ó na báàgì sí i lójú fèrèsé. "Ó kúkú gbé e níyàwó náà," ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá. "Wọ́n ti jọ ń lọ ní ìrìn àjò ìgbéyàwó."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ara ti tù ú, ẹ ò tíì wa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ojú kan wà lójú ọ̀nà, ojú kan wà lára iná. Bó bá gun òkè, á wò ó. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, á tún wò ó. Ìlú ń kọjá, kò rí wọn. Níbì kan, oòrùn tó fẹ́ wọ̀ tàn sí ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, gbogbo rẹ̀ pọ́n yòò, ó sì ti tẹ bíréèkì, ó ti ń wá ibi tí yóò ti yí i padà kó tó rí i pé oòrùn ni. Ó fi bíréèkì sílẹ̀, ó ń lọ. Iná kò tàn.

Ìyàwó rẹ̀ ń dúró lójúde, ọmọ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà wò ó títí. Ọkọ̀ ló kọ́kọ́ fẹ́ràn. Ó wọnú rẹ̀, ó gun orí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó di kọ́kọ́rọ́ mú, ó yí i díẹ̀. Gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n ṣe máa ń tàn kí ẹ́ńjìnnì tó dìde, ti ẹ́ńjìnnì náà wà láàárín wọn. Àna mọ̀ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Síbẹ̀, ó gbá ọmọ náà mọ́ra bí ẹni pé wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bá a yí kọ́kọ́rọ́ náà títí ẹ́ńjìnnì fi dìde, tí iná náà sì kú.

"Dádì," ni ọmọ náà wí, "ò ń fún mi jù."

Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe rò ó. Màmá tó ni imú yẹn, àbúrò ìyá mi ni. Orí àga tó wà ní ẹnu kòtò ló jókòó sí lọ́jọ́ tó sọ ọ́ fún mi, níbi tó ti ń gbọ́ èéfín wò fún ọkọ rẹ̀. Kí n tó kí i pé "Ẹ kú iṣẹ́, ma," ó ti ní kí n lọ wo ọkọ̀ mi, ọ́ìlì ń jó.